Ta Ló Ta Ikú Rẹ̀? Ẹ Jẹ́ Kí Ìwé Fúnra Rẹ̀ Dájọ́ Kúìsì



Èrò mi rèé, mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ kó tó di pé a dé inú ọ̀rọ̀: ìdáhùn kúìsì lítíréṣọ̀ tí kò bá ní ojú ìwé lẹ́yìn, àhesọ ni. Ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ mọ ojú ìwé tí ìdáhùn rẹ̀ wà. Ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn gbọ́dọ̀ láǹfààní láti ṣí ìwé náà kí gbogbo wa jọ kà á. Bí a bá ń ṣe é báyìí, kúìsì á máa mú wa kàwé. Bí a ò bá ṣe é, orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún nìkan la ó máa há sórí, bí ẹni tó há gbogbo búsítọ́ọ̀pù sórí láti Ìyànà-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù, Ìkòtún títí dé Ìgàndò, tí kò sì wọ bọ́ọ̀sì náà rí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Ní téèmù tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan ní agbègbè wa pàdé níbi kúìsì kan. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣètò rẹ̀, torí kì í ṣe láti bú ẹnikẹ́ni ni mo ṣe ń kọ èyí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ìbéèrè kan jáde: "Nínú ìwé ìtàn àròsọ wo, tí ọmọ Yorùbá kọ, ni ẹnì kan ti ta ikú rẹ̀?" Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Àwa ní a fò ó. Ilé-ẹ̀kọ́ tó jókòó lápá ọ̀tún wa tẹ aago, wọ́n ní "Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, láti ọwọ́ D. O. Fágúnwà." Ẹni tó ń béèrè wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní "Ó tọ̀nà!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Máàkì méjì. Máàkì méjì yẹn náà ni wọ́n fi ju ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣe ipò kejì lọ. Àwa kọ́ la ṣe ipò kejì o, ipò kẹrin la wà, nítorí náà ẹ má rò pé ìbínú àdánù ló ń bá mi jà.

Ọ̀kan nínú wa mẹ́rin, tó ti ka Ògbójú Ọdẹ tán láti JSS3, ló sọ nínú danfo nígbà tí à ń padà bọ̀ pé òun ò rántí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ta ikú nínú ìwé yẹn. Ẹlòmíràn ní bóyá ó ti gbàgbé. Ó ní òun lè gbàgbé orúkọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ta ikú rẹ̀, ta ló máa gbàgbé ìyẹn? Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nìyẹn.

Fóònù la kọ́kọ́ bi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ṣòro kí fóònù sọ pé "mi ò mọ̀." Lẹ́ẹ̀kíní, ó ní Fágúnwà ni. Nígbà tí a yí ìbéèrè náà padà díẹ̀, ó dárúkọ ìwé míì, ó tún sọ orí tó wà nínú rẹ̀ fún wa bí ẹni tó kà á lánàá. Nígbà tí a rí ìwé yẹn, kò sí orí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rárá. Dátà tán, ọ̀rọ̀ ò tán.

A wá bi àgbà. Màmá ọ̀kan nínú wa, tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Ìkòtún, ní àwọn gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, pé ìtàn ọ̀mùtí kan ni, tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú kiri. Wọn ò mọ ìwé tó wà. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ yẹn, "ọ̀mùtí," ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Nígbà tí a sọ ọ́ fún Mà tó ń kọ́ wa ní Lítíréṣọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ lọ wá Tutùọlá. Tí ẹ bá rí i, kí ẹ wá sọ ojú ìwé tó wà fún mi." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wíwá ìwé náà wá di iṣẹ́. Àwọn tó ń tàwé ní Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, ìwé kíláàsì ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn, àti ìbéèrè WAEC àti JAMB àtijọ́. Ìwé tí wọn ò bá fi ṣe ìdánwò, wọn kì í sábà gbé e wá, torí kì í tà. Ọ̀kan tiẹ̀ bi wá pé, "Ṣé ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì?" A ní kò sí níbẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ wá fẹ́ fi ṣe?"

Bàbá kan ní àdúgbò wa ní Ìgàndò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n wá ní ẹ̀dà kan. Èèpo iwájú rẹ̀ ti ya, ojú ewé rẹ̀ sì ti pọ́n bíi gàrí elépo. Wọn ò jẹ́ kó jáde nílé. Wọ́n ní kí a wá jókòó sí fàráńdà àwọn, kí a kà á níbẹ̀, kí a má sì fi itọ́ ṣí i. A kà á fún Sátidé méjì. Ní Sátidé kejì la rí ibẹ̀.

Orúkọ ìwé náà ni The Palm-Wine Drinkard. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ló kọ ọ́, Faber and Faber sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1952. Ìtàn ọ̀mùtí kan ni, tí bàbá rẹ̀ fún ní oko tó ní igi ọ̀pẹ 560,000, pẹ̀lú adẹ́mu kan tó ń dá kẹ́ẹ̀gì ẹmu 150 fún un láàárọ̀, tó tún ń dá 75 nírọ̀lẹ́. Adẹ́mu yìí já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú. Ọ̀mùtí gbéra, ó ní òun á lọ bá a ní ìlú àwọn òkú. Ojú ọ̀nà yẹn náà ló ti fẹ́ ìyàwó, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì jọ ń lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fìyà jẹ wọ́n dáadáa ní ìlú àwọn ìkà kan, wọ́n dé ìdí igi funfun ńlá kan tí obìnrin aláàánú kan ń gbé inú rẹ̀. Kí wọ́n tó wọlé, lẹ́nu ọ̀nà, ni wọ́n ta ikú wọn. £70, ṣílè 18 àti sísì kan ni wọ́n tà á. Ìbẹ̀rù wọn ńkọ́? Wọn ò ta ìyẹn. Wọ́n yá ẹnì kan ni, pẹ̀lú èlé £3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù.

Ìlà mélòó kan péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé náà. Ẹni tó ń sáré kàwé á fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde kúrò nínú igi náà, ẹni tó yá ìbẹ̀rù wọn dá a padà fún wọn, ó san èlé tó kù. Wọ́n wá lọ bá ẹni tó ra ikú wọn pé kó dá a padà. Ó ní rárá o, òun ti sanwó. Ọjà ti tà. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn ò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n.

Àwa ọmọ tí a máa ń bá ìyá wa jókòó lọ́jà, a mọ ìyàtọ̀ ohun tí èèyàn tà àti ohun tí èèyàn yáni. Ohun tí o bá tà ti lọ. Ohun tí o bá yáni á padà wálé, bí o tilẹ̀ ti ń gbádùn pé kò sí nílé. Tutùọlá lo ọgbọ́n ọjà yìí láti ṣe ohun kan tí ó nílò: lẹ́yìn ibẹ̀, gbogbo ewu tó bá dé bá ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀, a ti mọ̀ pé kò ní pa wọ́n, síbẹ̀ a ṣì ń bẹ̀rù pẹ̀lú wọn, torí àwọn náà ń bẹ̀rù. Ẹni tí kò bá ka ìlà mélòó kan yẹn, á máa rò pé òǹkọ̀wé kàn gbàgbé láti pa wọ́n ni.

Ẹ tún kíyè sí ohun míì. Ìbéèrè kúìsì yẹn ní "ẹnì kan" ta ikú "rẹ̀." Ènìyàn méjì ni wọ́n nínú ìwé, ọkọ àti ìyàwó. Ohun tí ìyẹn fi yé mi ni pé ẹni tó kọ ìbéèrè náà gbọ́ ọ ni, kò kà á. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kí ló wá dé tí gbogbo ènìyàn ń pariwo Fágúnwà? Mo rò pé ìdí mẹ́ta ló wà.

Àkọ́kọ́, àwọn ìwé méjèèjì jọra lóòótọ́. Ìrìn àjò ni, igbó ni, àwọn ẹ̀dá abàmì ni. Fágúnwà ló ṣáájú: 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde, ọdún 14 ṣáájú ìwé Tutùọlá. Kódà nígbà tí ìwé Tutùọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí àwọn òyìnbó bíi akéwì Dylan Thomas ń yìn ín, àwọn Yorùbá tó kàwé ń bínú, àwọn kan sì ń sọ pé ó yá nǹkan lára Fágúnwà. Àríyànjiyàn yẹn ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Èkejì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Tutùọlá fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ìtàn náà ní Yorùbá. Ìdí ni pé Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá ní Ìbàdàn ní 1963, ó sì pe ọ̀mùtí náà ní Lánké. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn igbó àti iwin lédè Yorùbá, tí kò rí ìwé, Fágúnwà ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ẹ̀kẹta, orúkọ Fágúnwà tóbi. Irú núdúùsì yòówù tó bá wà nínú ìkòkò, Indomie là ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó yòówù tó bá wà nínú ìtàn, ti Fágúnwà ni. Ẹ lè rò pé iyì la ń fún Fágúnwà. Lójú tèmi, ìwọ̀sí ni fún àwọn méjèèjì. A gba ohun tí Tutùọlá ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, a wá gbé e fún ẹni tí kò béèrè fún un, tí ohun tirẹ̀ sì tó o yàn.

Iṣẹ́ ò parí síbẹ̀ o. Rírí ibì kan nínú ìwé Tutùọlá fi hàn pé ó wà níbẹ̀. Kò fi hàn pé kò sí nínú Ògbójú Ọdẹ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé nǹkan wà nínú ìwé, ojú ewé kan ṣoṣo tó fún un. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kò sí, àfi kó ka gbogbo ìwé náà láti páálí dé páálí. Nítorí náà a yá Ògbójú Ọdẹ, a pín in sí mẹ́rin, kálukú mú tirẹ̀ lọ sílé, lẹ́yìn náà a ṣe pàṣípààrọ̀ kí ojú méjì lè rí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. A pàdé Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún. A pàdé Ẹ̀gbin, tí òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde látinú ìwé. A pàdé Ìrágbèje lórí Òkè Láńgbòdó pẹ̀lú ìtàn rẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ikú wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nìyí: ibi tí a ti ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀ la ti rí ohun tó wà níbẹ̀. A dé ibi tí Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ tó ń lọ sí Láńgbòdó, ti fẹ́ fi ìyàwó sílẹ̀ lọ ní ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an. Obìnrin náà dì mọ́ ọn, kò jẹ́ kó lọ, Kàkó sì fi àdá pa á. Ọ̀rọ̀ yẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ọmọkùnrin kan ní iṣẹ́ ìlú ṣáájú, pé ọba ló rán wọn. Ọmọbìnrin kan ní, "Ìlú wo? Ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ẹni dágbére?" Ẹni kẹta ní Fágúnwà ò sọ pé ó dára, ó kàn jẹ́ ká rí i ni. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ sọ fún mi, ìbéèrè "ọdún wo ni ìwé yìí jáde?" ti dá irú iyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí? "1938." Ó parí. Ẹnikẹ́ni ò ní kó jà lórí 1938.

A kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣètò kúìsì yẹn. A fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, a kọ orúkọ ìwé, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ àti ojú ewé sí i. Èsì tó wá ni pé kúìsì ti parí, àwọn ò lè yí máàkì padà mọ́. A ò ní kí wọ́n gba ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ tó dáhùn, ohun tí wọ́n ti gbọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí a bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n tún ìdáhùn kọ sínú ìwé ìbéèrè wọn, torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń tún lò lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti rí ìdáhùn yẹn nínú nóòtì àwọn ọmọ SS1 méjì nílé-ẹ̀kọ́ wa níbí. Wọ́n ti fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Bí irọ́ ṣe ń di ẹ̀kọ́ nìyẹn, pẹ̀lú àtẹ́wọ́.

Kì í sì í ṣe ìbéèrè yẹn nìkan. Ẹ wo àwọn mẹ́rin yìí, tí a máa ń gbọ́ níbi kúìsì:

"Ta ló kọ The Forest of a Thousand Daemons?" Ẹnu á yá wa, a ó ní Wọlé Ṣóyínká. Ṣóyínká ló túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, 1968 ló sì jáde. Ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ kan náà, ni.

"Ìwé wo ni ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́?" Ọ̀pọ̀ ìwé ìdáhùn ní Ògbójú Ọdẹ. Ṣùgbọ́n láti 1929 sí 1930, I. B. Thomas ti ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà. Ní Èkó wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn "Sẹ̀gilọlá," ṣé a ó gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀?

"Nínú ìwé wo ni arẹwà ọkùnrin kan ti dá àwọn ẹ̀yà ara tó yá padà, títí ó fi ku agbárí nìkan?" Ó wà nínú ìwé Tutùọlá kan náà yìí. Ṣùgbọ́n ìtàn tó jọ ọ́ wà láàárín àwọn Efik ní Calabar, Elphinstone Dayrell sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìtàn àtẹnudẹ́nu ní 1910. Ìdáhùn méjì ló tọ̀nà, àfi tí ẹni tó ń béèrè bá tún ìbéèrè rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀kẹrin ni ti Ó Le Kú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìwé náà ní 1974, Túndé Kèlání sì ṣe fíìmù rẹ̀ ní 1997. Fíìmù ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Tí wọ́n bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé, ohun tí a rí nínú fíìmù la máa sọ, bẹ́ẹ̀ fíìmù àti ìwé kì í ṣe nǹkan kan náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní kúìsì kò ju wákàtí kan lọ, ta ló ráyè máa ṣí ìwé? Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú gbọ̀ngàn ni mo ní kí wọ́n ti máa wá a. Ẹni tó kọ ìbéèrè ti ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó débẹ̀. Kó kọ ojú ewé sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn, tán. Tí kò bá rí ojú ewé náà, kó má béèrè é.

Àwọn míì á ní ìwé wọ́n. Òótọ́ ni, ó wọ́n. Owó tí wọ́n ń bù lé ìwé báyìí, ẹlòmíràn fi ń wọ kẹ̀kẹ́ wá sílé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí sì nìyẹn tí mo fi dárúkọ bàbá ará Ìgàndò yẹn. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ wà nínú àpótí àwọn òbí àti òbí wa àgbà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí wọ́díróòbù, tí kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè rẹ̀. Ẹ lọ béèrè. Inú bàbá yẹn dùn débi pé ní Sátidé kejì wọ́n ra búrẹ́dì àti Fanta sílẹ̀ dè wá.

Àwọn kan á tún ní WAEC ò béèrè Tutùọlá lọ́dọ̀ wa. Kò béèrè é, àmọ́ ó ń béèrè Shakespeare, ẹ sì mọ bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gé ọ̀rọ̀ díẹ̀ jáde láti inú eré náà, wọ́n á ní ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ka àkékúrú nìkan á máa fi ọ̀bẹ gé e ni, "A, B, C, D, èwo ni mo fẹ́ràn?" Ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń wá ibì kan nínú ìwé, tó mọ̀ pé ìlà mẹ́ta lè gbé gbogbo ìtàn dúró, ẹ̀rù ò ní bà á. Òun nìkan ló ti yá ìbẹ̀rù tirẹ̀ jáde.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ, mo sì fẹ́ kí a fi kúìsì ilé-ẹ̀kọ́ tiwa bẹ̀rẹ̀ ní téèmù yìí.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìbéèrè ní orúkọ ìwé, orí àti ojú ewé lẹ́yìn. Orí ṣe pàtàkì, torí ojú ewé máa ń yí padà tí wọ́n bá tún ìwé tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan wà lẹ́yìn kúìsì tí ẹnikẹ́ni lè fi gbé ìwé wá, kó ní "ẹ wo ibí." Tí ìwé bá gbè é, kí wọ́n tún máàkì ṣe, kí wọ́n sì lẹ àtúnṣe náà mọ́ ara bọ́ọ̀dù yìí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tíṣà Máàsì wa máa ń pa ohun tí wọ́n kọ sójú bọ́ọ̀dù rẹ́ tí a bá rí àṣìṣe, wọ́n á ní "ẹ ṣeun," iṣẹ́ á máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìdajì ìbéèrè, ó kéré tán, jẹ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé àti ìdí tó fi ṣẹlẹ̀. Kí ọdún àti orúkọ òǹkọ̀wé kó ìdajì tó kù.

Press Club náà ti gbà láti fi páálí kan sílẹ̀ nínú yàrá wa fún ìwé yíyá. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan tó bá mú ìwé kan wá, á sọ ọ́ di púpọ̀ kí téèmù tó parí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìbéèrè rèé: nínú àwọn ọdẹ tó bá Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, ta ni ó gbọ́ èdè ẹyẹ àti ti ẹranko? Mi ò fẹ́ orúkọ nìkan. Ẹ mú ìwé náà wá sí yàrá Press Club lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà ìsinmi gígùn, kí ẹ ṣí i síbẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí i. Ẹ̀yin ọmọ SS1 méjì tí mo rí nóòtì yín, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń retí. Ẹ mú bírò pupa yẹn dání.